Etí Ni Ojú Ẹ̀yìn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kíkí tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Àwọn baba wa kò kí ara wọn bẹ́ẹ̀ lásán. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó jáde nílé tó sì padà wọlé ti la nǹkan kọjá, kódà bó bá jẹ́ ọjà ìtòsí ló lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lójú títì pẹ̀lú íápíìsì létí ni. Mò ń rí wọn lójoojúmọ́ ní Mushin, ní Yaba, ní Sùúrùlérè. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn kan, télọ̀ ni àwọn mìíràn, àwọn kan sì jẹ́ ọlọ́dẹ tó ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n á ti di etí méjèèjì pa, wọ́n á máa mi orí sí orin, dánfó á sì máa bọ̀ lẹ́yìn wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àgbàlagbà yìí tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọ̀dọ́ wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́: èmi alára wà lára wọn. Kì í ṣe orin ni mò ń gbọ́ o. Ifá ni mò ń gbọ́. Síbẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n má kọ ojú ewé yìí mọ́.

Ní ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè àti Lagos Mainland sì wà nínú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún kan náà, wọ́n fi mẹ́rin mìíràn kún un, ó wá kan Mushin tí mò ń gbé. Láàárín Mushin, Sùúrùlérè àti Yaba ni mo ti ń rìn kiri ṣe iṣẹ́ awo. Mo padà sídìí ohun tí mo mọ̀ nígbà èwe mi, mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere tòkunbọ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo, agbèrò kì í sì í já ìwé fún un.

Olúwo mi tó kọ́ mi ní Ifá ti wọ káà ilẹ̀ lọ. Kí ó tó lọ, mo gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí, níbi tó ti ń ki Ifá láti orí Èjì Ogbè lọ sísàlẹ̀. Bí mo bá ti gun kẹ̀kẹ́, màá fi íápíìsì sí etí méjèèjì, màá máa gbọ́ ọ, màá sì máa tẹ̀ lé e lábẹ́ ẹnu. Mo rò pé ọgbọ́n ni mò ń dá, pé bí ẹsẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ̀kọ́ ń lọ. Ká sòótọ́, ohùn rẹ̀ náà ló ń wù mí gbọ́. Kò síbòmíràn tí mo ti lè gbọ́ ọ mọ́.

Lọ́jọ́ kan tó jẹ́ ọjọ́ Ifá, mo ti Ìdí-Òró gba ojú Agége Motor Road bọ̀, mo fẹ́ gba abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba kọjá sí Tẹ́júoṣó. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, omi ṣì wà lójú títì. Dánfó kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi, ó rí èrò létí títì, ló bá já wọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà. Awakọ̀ tẹ fèrè. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀. Ìyá kan tó ń sun àgbàdo níbẹ̀ pariwo pè mí. N kò gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Olúwo mi nìkan ni mò ń gbọ́. Ọlọ́mọlanke kan ló sáré di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi mú, tó fà á sẹ́yìn. Jígí ọkọ̀ náà gbá mi nígùn-únpá, mo ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, orúnkún mi sì bó.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, ìyá alágbàdo ti dúró lé mi lórí.

"Bàbá Awo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín o! Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, ìyá mi. N kò gbọ́."

Ọlọ́mọlanke náà, tí n kò rò pé ó tó ọmọ ogún ọdún, mú íápíìsì nílẹ̀, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan yìí sétí lójú títì mọ́."

Ohùn Olúwo mi ṣì ń jáde níbẹ̀, ó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Mo tẹ́tí sí i, n kò mọ ibi tó dé nínú Ifá tó ń kì. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo di etí sí gbogbo ayé nítorí rẹ̀, síbẹ̀ n kò gbọ́ òun náà dáadáa.

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ojú akàn lè yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, iwájú nìkan ni ojú èèyàn ń wò. Ọkọ̀ ní jígí mẹ́ta, ọ̀kan nínú, méjì ní ẹ̀gbẹ́. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere tí mò ń rí ní Èkó kò ní ẹyọ kan. Kí wá ni ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ fi ń rí ẹ̀yìn rẹ̀? Etí ni. Etí ni ojú ẹ̀yìn. Etí ló ń sọ fún un pé ọkọ̀ ńlá ló ń bọ̀, kì í ṣe kékeré. Etí ló ń sọ pé eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, pé ọwọ́ òsì ló wà, pé awakọ̀ ti tẹ bíréèkì tàbí kò tíì tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìyẹn á ti dé etí kí ojú tó yí wò.

Etí méjì tí Elédùmarè fún wa, kì í ṣe tìtorí ẹwà. Bí ìró bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá, etí ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ dé kí ó tó dé ti òsì, ó sì máa ń le díẹ̀ sí i lápá ọ̀tún. Àkókò tó wà láàárín méjèèjì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ òun ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí nǹkan ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé "etí kan ṣoṣo ni mo fi í sí" kò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Etí kan á gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní tètè mọ ibi tó gbà ń bọ̀. Ní oríta tí ọkọ̀ ti ń yọ láti gbogbo ọ̀nà, ibi tó gbà ń bọ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe ẹgbẹ́ mi, àwa gan-an ló yẹ kí á kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí orí etí ni gbogbo iṣẹ́ wa dúró lé. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ ọgbọ́n ńlá tí ọmọ aráyé fi ẹnu sọ kalẹ̀ láti ìran dé ìran; ní 2008 wọ́n kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àjogúnbá wọn. Odù 256, pẹ̀lú ẹsẹ tí ẹnìkan kò lè kà tán, ẹnu àti etí ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Kí babaláwo tó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìrókẹ́ lu ọpọ́n, kí Ọ̀rúnmìlà lè gbọ́. Ibo ló ń lù? Etí ọpọ́n ni. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ kò ṣèèṣì.

Ẹ wo ọ̀pá òsùn náà. Irin ni, ó sì ní agogo kéékèèké lára. Bí awo bá ń mú un bọ̀ lọ́nà, òsùn á máa dún, ẹni tó wà níwájú á mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Agogo ara kẹ̀kẹ́ kò yàtọ̀ sí i, irin tó ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà ni àwọn méjèèjì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹni tó ń rìn gbọ́dọ̀ máa gbọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣeé gbọ́.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré yìí, gbọ́. À ń gbọ́ ìró, à ń gbọ́ èdè, à ń gbọ́ òórùn. Ọmọ tó bá ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe, a ó ní ó gbọ́ràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn, a ó ní ó kọ etí ikún. Lójú Yorùbá, ẹni tó gbọ́ ti mọ̀, ẹni tó mọ̀ sì yẹ kí ó ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ẹsẹ Ifá ṣe ń lọ mọ̀ pé ó ní ìlànà. A ó dárúkọ awo, a ó dárúkọ ẹni tí wọ́n dá Ifá fún, a ó sọ ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ẹnìkan á gbọ́, á sì rú ẹbọ. Ẹlòmíràn á gbọ́, kò ní rú. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tí mo jókòó sí lọ́jọ́ náà ni mo ti rò ó pé ẹnì kẹta tún wà. Òun ni ẹni tí kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé etí òun. Ẹni tó gbọ́ tí kò rú ṣì lè yí ọkàn padà. Ta ni yóò ran ẹni tí kò gbọ́ rárá lọ́wọ́?

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà mo ti kí Ifá mi. Mo fi obì tọrọ ire ọ̀nà, obì sì yàn. Mo jáde pẹ̀lú ìdùnnú, mo sì di etí mi. Mo wá mọ̀ nísinsìnyí pé mo gbàdúrà, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìdáhùn rẹ̀. Ifá kì í ti ojú ọ̀run na ọwọ́ wá fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn. Ẹnu èèyàn ló ń gbà, ọwọ́ èèyàn ló ń gbà. Ìyá alágbàdo ni wọ́n rán sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jíṣẹ́, n kò ṣílẹ̀kùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé wọ́n tún rán ọlọ́mọlanke tẹ̀ lé e.

Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ náà kì í ṣe ibi lásán. Ojú Ẹlẹ́gbára ni Ojúẹlẹ́gba, ibi tí wọ́n ti ń bọ Èṣù Ẹlẹ́gbára kí bíríìjì àti títì ọlọ́dà tó débẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu èèyàn níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní "iṣẹ́ Èṣù ni." Mo ti ń sọ ọ́ lójú ewé yìí tipẹ́, n ó sì tún un sọ: Èṣù kì í ṣe Sátánì. Òjíṣẹ́ ni Èṣù, òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ kí ó dé. Oríta ló ń dúró sí, nítorí oríta ni ibi tí èèyàn ti gbọ́dọ̀ dúró, kí ó wò, kí ó gbọ́, kí ó tó yan ọ̀nà. Ẹni tó bá fi etí dídi la oríta kọjá, kí ó má di ẹ̀bi ru Èṣù.

Fela mọ ibẹ̀ dáadáa. Nínú "Confusion" tó gbé jáde ní 1975, oríta Ojúẹlẹ́gba ló fi ṣàpèjúwe ìlú tí ohun gbogbo dàrú tí kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀. Wizkid náà fi orúkọ ibẹ̀ pe orin kan nínú àwo rẹ̀ ti 2014, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ẹ wá rò ó wò. Ọ̀dọ́ kan lè máa gbọ́ orin Ojúẹlẹ́gba létí bó ti ń gba Ojúẹlẹ́gba kọjá, kí ó má sì gbọ́ Ojúẹlẹ́gba fúnra rẹ̀. Orin kọ́ ni ọ̀tá. Mushin ni mò ń gbé, fújì ni wọ́n fi ń jí wa, fújì ni wọ́n fi ń sin wá lọ sùn. Ta ni yóò wá sọ fún oníṣẹ̀ṣe pé orin kò dára, nígbà tó jẹ́ pé kò sí òrìṣà kan tí kò ní ìlù tirẹ̀? Ṣùgbọ́n ìlù ní àkókò, ó sì ní ojúbọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan o. Ní ọjọ́ 9, oṣù kẹta, ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kọlu bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ní PWD, Ṣógúnlẹ̀. Èèyàn kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì fara pa. Àwọn kan lára àwọn tó yè é sọ pé íápíìsì wà létí awakọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù; èmi kì í ṣe adájọ́, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níhìn-ín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ̀ ojú irin kì í yà fún ẹnikẹ́ni, kò sì lè dúró lójijì. Fèrè rẹ̀ nìkan ni àánú tó ní.

Ọ̀nà irin tó gba Ṣógúnlẹ̀ náà ló gba Mushin àti Yaba kọjá. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ní ọjọ́ 29, oṣù kejì, ọdún 2024, wọ́n ṣí Red Line, tó ń dúró ní Òyìngbò, Yaba àti Mushin. Wọ́n kọ́ bíríìjì sí àwọn ibì kan kí ọkọ̀ má baà máa la ojú irin kọjá mọ́. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí bíríìjì tí ìjọba lè kọ́ fún etí tí ẹni tó ni ín ti dí pa. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì tilẹ̀ ní irin tó yí i ká. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́, awọ ara rẹ̀ ló fi ṣe ilé ọkọ̀.

Irin ni kẹ̀kẹ́, irin ni dánfó, irin ni ọ̀nà rélùwéè. Ògún ló ni gbogbo wọn. Àwọn wo ló sì sún mọ́ Ògún jù? Àwọn ọdẹ ni. Ẹ bi ọdẹ tó ń ṣe ọdẹ òru léèrè. Iná orí rẹ̀ ń tàn síwájú, etí ló fi ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ ẹtu, ó mọ ìró ejò nínú ewé gbígbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó di etí rẹ̀ kí ó tó wọ igbó, á bi í pé ṣé ìrèmọ̀jé òun ló ń wù ú gbọ́ ni. Títì Èkó kò rọ̀ ju igbó lọ.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ awo mi, wọ́n sì dá mi lóhùn. Ó yẹ kí n sọ èsì wọn, nítorí kò ṣófo.

Ọ̀kan ní, "Bàbá, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ńkọ́? Wọ́n ti gíláàsì pa, orin wọn ń mi ilẹ̀ tìtì, kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí." Òótọ́ ló sọ. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 ka fífi ọwọ́ mú fóònù lórí ìrìn léèwọ̀ fún awakọ̀, gbogbo wa sì ń rí bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ tí kò gbọ́ bá pàdé ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tí kò gbọ́, ta ni wọn yóò gbé lọ sílé ìwòsàn? Bí òun bá di etí, ìdí gan-an nìyẹn tí tèmi fi gbọ́dọ̀ là.

Èkejì ní, "Àwọn adití ń gun kẹ̀kẹ́, wọn kò kú." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni òrìṣà ni wọ́n, Ọbàtálá ló ń ṣọ́ wọn, àwọn náà sì ń ṣọ́ ara wọn. Adití mọ̀ pé òun kò gbọ́. Ó ti kọ́ ojú rẹ̀ níṣẹ́ etí láti kékeré, gbogbo ìgbà ló ń wẹ̀yìn. Ìwọ tí o dí etí rẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn, ojú rẹ kò tíì kọ́ iṣẹ́ kankan.

Ẹ̀kẹta, tó jẹ́ ọmọbìnrin, ní, "Bàbá, ariwo Èkó ló ń pa mí. Orin yẹn nìkan ló ń jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀." Èyí wọ̀ mí lára, torí n kò lè pe ohun tó ń sọ ní irọ́. Ẹni tó ń gbé láàárín ẹ̀rọ ìnámànámá, gbohùngbohùn ilé ìjọsìn àti fèrè dánfó láti àárọ̀ dé òru, á wá ibi tí yóò sá sí. Ṣùgbọ́n kí orin tó lè bo ariwo Èkó mọ́lẹ̀, ó ní láti le ju ariwo náà lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọ̀dọ́ tó ju bílíọ̀nù kan lọ ni etí wọn wà nínú ewu nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohun tó le jù. Wọ́n ní orin tó bá tó désíbẹ́ẹ̀lì 80, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kí èèyàn gbọ́ ọ mọ. Bó bá fi lè dé 90, wákàtí 4 péré ni. Bí a bá wá lo etí báyìí lọ́dún méjìlá, kí ni a ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ wa lọ́jọ́ ogbó?

Ẹ̀kẹrin ní kí n lọ bá ìjọba wí, pé bí ọ̀nà bá wà fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò ní wáyé. Mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wa, kí á má máa bá dánfó du etí gọ́tà. N ó máa sọ ọ́ títí wọn yóò fi ṣe é. Ṣùgbọ́n òní ni mo fẹ́ dé Yaba.

Àwọn kan á béèrè bóyá òfin ni mò ń wá. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2015, ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú íápíìsì létí yóò san owó ìtanràn yúrò 135. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, etí méjèèjì ni wọn kò gbọdọ̀ dí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sí òfin kan pàtó tó kà á léèwọ̀ fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Olúkúlùkù ìlú ló ń ṣe bó ti tọ́ lójú rẹ̀. Ní tèmi, n kò bẹ̀bẹ̀ fún òfin. Bí òfin irú rẹ̀ bá dé Èkó, gbogbo wa mọ ibi tí yóò parí sí: wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ télọ̀, wọ́n á ní kí ó lọ wá owó wá.

Èèwọ̀ ni mo fẹ́. Òfin ń fẹ́ ọlọ́pàá, bí ọlọ́pàá bá ti lọ sílé, òfin náà ti lọ sílé nìyẹn. Èèwọ̀ ń bá èèyàn rìn. Ẹni tí wọ́n ní kí ó má jẹ okété, kò ní jẹ ẹ́ lóru níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, nítorí ó mọ̀ pé ara òun ni òun ń pa á mọ́ fún. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ohun mẹ́ta lélẹ̀ fún àwọn ọmọ awo mi, mo sì kọ́kọ́ fi de ara mi.

Èkínní, bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ tó gun kẹ̀kẹ́, íápíìsì gbọ́dọ̀ kúrò létí, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà jẹ́ ìwúre, ìbáà jẹ́ Ifá.

Èkejì, ní oríta àti ní ẹ̀bá ojú irin, ẹ fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀. Ẹ dúró, ẹ gbọ́ ọ̀tún, ẹ gbọ́ òsì, kí ẹ tó kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi kí Èṣù níbẹ̀, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnìkan bá pè yín lójú títì, ẹ yí ojú wò. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa nílé pé kí á má máa jẹ́ ìpè tí a kò mọ ẹni tó ni ín. N kò ní kí ẹ jẹ́ ẹ. Wíwò ni mo ní kí ẹ wò.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí "ẹ̀yin ọmọ ayé òde òní." Ọmọ á ti dí etí kí ẹ tó parí gbólóhùn yẹn. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń gbọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Nígbà náà ni yóò gbà pé kì í ṣe orin òun ni ẹ kórìíra, ẹ̀mí òun ni ẹ fẹ́ràn.

Ní tèmi, orúnkún mi ti jinná. Alẹ́ ni mo wá ń gbọ́ Olúwo mi báyìí, nígbà tí iṣẹ́ bá parí, níwájú Ifá, pẹ̀lú ohùn tí kò le. N kò gbé nǹkan mìíràn lọ́wọ́. Láàárín oṣù mélòó kan, mo ti mọ ẹsẹ tí n kò mọ̀ ní gbogbo ọdún tí mo fi ń gbọ́ ọ lórí kẹ̀kẹ́. Bí mo bá sì ń gba abẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba kọjá, màá sọ̀ kalẹ̀, màá ra àgbàdo. Ìyá alágbàdo kì í kí mi pé ẹ kú iṣẹ́ mọ́.

Á ní, "Bàbá Awo, etí ńkọ́?"

Màá ní, "Etí ń gbọ́, ìyá mi."

Yorùbá ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí a bá sì ń jó, ẹ jẹ́ kí á máa gbọ́ràn. Kí Ògún má fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Kí Èṣù Ẹlẹ́gbára bá wa ṣí ọ̀nà ire. Ìpè tó máa gbà wá, kí etí wa má di sí i. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.